Irin Karùn-ún Àká Alafiarou

Orí òpó irin ni Souradjou wà, ó ń di bóòtù, nígbà tó rí obìnrin kan tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kadà zẹ́mì pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ọyẹ́ ti fi eruku pupa kùn ún láti orí dé ẹsẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ pàápàá pupa. Síbẹ̀ ó na ẹ̀yìn rẹ̀ ṣánṣán, ó ń rọra rìn bọ̀ láàárín àwọn igi kajú bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ jí.

"Madame!" ni Souradjou ké láti òkè. "Ẹ gbé ọmọ yẹn síbi òjìji o! Oòrùn yìí ò dáa fún un."

Obìnrin náà gbójú sókè wò ó. Ó dé abẹ́ igi, ó tú ọ̀já, ó gbé ọmọ sílẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni? Ó ti fi aṣọ ìnura wé e, ó fi ìró wé e lé e, ó wá fi ọ̀já pọ̀n ọ́n, nítorí kòtò ọ̀nà Alafiarou kò mọ ojú ẹnikẹ́ni.

"Ọmọ mi rèé," ló wí. "Ṣé kí n gbé e fún yín kí ẹ bá mi gbé e jó?"

Gbogbo àwọn tó wà níbi iṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Souradjou náà rẹ́rìn-ín títí sípánà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì já lulẹ̀ gbàà. Ẹ̀rín ni àwọn méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀, kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, torí ẹkún pọ̀ níwájú.

Mounifatou lorúkọ obìnrin náà, ọmọ Bàbá Abdou tó ṣiṣẹ́ ojú irin ní Tchaourou kí ọkọ̀ ojú irin tó dákẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó ya ilé irin sínú kọ̀ǹpútà, òpó àti irin ìdábùú, títí kan ihò bóòtù, kí ilé iṣẹ́ Ọ̀gá Akíndélé tó gé irin gidi. Bó bá ṣe wà lójú ẹ̀rọ ni wọ́n máa gé e. Souradjou ní tirẹ̀, ọmọ Kika ni, òun ni olórí àwọn tó ń gbé irin náà dúró, tí wọ́n sì ń jó o pọ̀. Àká ńlá ni ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kajú ń kọ́. Láti ìgbà Renouveau, nígbà tí ìjọba tiwantiwa dé, ni ẹgbẹ́ ti ń hù káàkiri, tí abúlé kọ̀ọ̀kan fẹ́ ní ohun tó lè pè ní tirẹ̀.

Ohun tó gbé Mounifatou wá ni pé òpó méjì kúrú. Ó ti yà wọ́n bí ẹni pé ilẹ̀ tẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Alafiarou rọ̀ sílẹ̀ níhà odò. Nígbà tí wọ́n nà wọ́n dúró, orí wọn kò dé ibi tí irin ìdábùú máa jókòó lé. Ọ̀gá Akíndélé ti bú u dáadáa kó tó kúrò nílé.

Ó jókòó sórí gbòǹgbò, ó wọn ilẹ̀ tán, ó ṣí kọ̀ǹpútà. Souradjou ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe máa fà á gùn? Ṣé ẹ ó kàn gbá a mú lórí ni?"

"Rárá o. Mo máa kọ́kọ́ fi ibi tó ń lọ hàn án. Irin ìdábùú tó wà lókè yìí, mo fọwọ́ kàn án: ibí ni ààlà rẹ. Lẹ́yìn náà ni mo wá fọwọ́ kan òpó." Ó tẹ̀ ẹ́. Òpó náà gùn sókè wẹ́rẹ́, ó kan irin, ó dúró.

"Hẹ̀ẹ́! Kò kọjá, kò sì kù."

"Ó ń gbọ́ràn ni, kò ní ọgbọ́n. Bí ẹ bá ṣi ààlà fi hàn án, ibi tí ẹ fi hàn án yẹn náà ló máa lọ."

"Èmi náà ò ní ọgbọ́n, Madame. Ẹ fi ibi tí mo ń lọ hàn mí."

"Ẹ lọ di bóòtù yín jàre," ni Mounifatou wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí zẹ́mì ń gbé e padà lọ, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé ọkùnrin náà kò tíì gun òkè.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, bí wọ́n ti kírun tán, Souradjou ti wà ní ẹnu ọ̀nà Bàbá Abdou pẹ̀lú wàrà Fúlàní nínú ewé.

"Ta lo wá kí?" ni bàbá béèrè.

"Ẹ̀yin ni mo wá kí, Tonton."

"Wàrà ńkọ́? Èmi náà lo rà á fún?"

"Ẹ̀yin... àti gbogbo ilé ni, Tonton."

Bàbá Abdou kọjú sí yàrá. "Mounifa! Gbogbo ilé! Jáde wá gba wàrà rẹ!"

Báyìí ló di àṣà. Bó bá ti di Jímọ̀, Souradjou á dé, wọ́n á jọ rìn lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin tí koríko ti ń bò, wọ́n á jókòó sórí pèpéle tí èrò kankan kò dúró sí mọ́. Ìyá Kọ̀ǹpútà ló ń pè é. Mounifatou náà ń pè é ní Onísípánà. Wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Ọjọ́ kan ni Souradjou dá yẹ̀yẹ́ náà dúró lójijì.

"Kí ló dé?" ni Mounifatou bi í.

"Mo ní ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Mo máa ń gun òkè, ẹ̀rù kì í bà mí. Èyí ń bà mí."

"Sọ ọ́ kó tó pa ọ́."

"Mo fẹ́ kí a fẹ́ra, Mounifa. Mo fẹ́ máa délé kí n bá ọ."

Mounifatou wo ojú irin títí. Omi ti kún ojú rẹ̀, kò sì fẹ́ kó rí i. "Ìwọ ọkùnrin yìí," ló wí, "wàrà tí mo ti jẹ látọjọ́ yìí, ṣé o rò pé ọ̀fẹ́ ni mò ń jẹ ẹ́ ni?"

Ìyá Souradjou ló kù. Hawaou lorúkọ rẹ̀, opó tó ń dáko iṣu ní Kika, ọmọ kan ṣoṣo yìí ló bí. Wọ́n ti sọ fún un pé àwọn ọmọbìnrin ọ́fíìsì kì í jẹ oúnjẹ abúlé. Mounifatou dé Kika, ó jẹ iyán dé ìsàlẹ̀ àwo, ó tún na àwo fún ọbẹ̀. Ìyá Hawaou pàtẹ́wọ́. "Ó parí! Ìyàwó mi rèé!" Láti ọjọ́ yẹn, kò fi orúkọ pè é mọ́, ìyàwó mi ló ń pè é.

Wọ́n ní kí ìgbéyàwó dúró di ìgbà tí òrùlé àká bá parí. Àfi bí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ṣe ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ọkọ̀ lè máa kó ẹrù lábẹ́ rẹ̀ bí òjò bá ń rọ̀.

"Fa àwọn irin ìdábùú gùn dé orí òpó tuntun," ni Ọ̀gá Akíndélé wí fún Mounifatou. "Bon, gbọ́ mi dáadáa. Ti òpó yẹn ni àṣìṣe àkọ́kọ́. Bí mo bá gbọ́ èkejì, ilé bàbá rẹ lò ń lọ."

Irin márùn-ún ló dábùú òkè àká náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Mounifatou yí ilé náà lójú ẹ̀rọ kó lè kọjú sí i gan-an. Bí a bá sì wò ó báyẹn, irin márààrún bo ara wọn, ọ̀kan ṣoṣo ló ń hàn. Ó rò pé òun ti mú gbogbo wọn. Mẹ́rin ló mú, ti ẹ̀yìn pátápátá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi òpó tuntun hàn wọ́n bí ààlà, ó tẹ̀ ẹ́, èyí tó wà níwájú rẹ̀ gùn wẹ́rẹ́, ó sì gbà pé gbogbo wọn ló gùn. Ó yẹ kó yí ilé náà ká wò. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni àwọn ará Kika ń bọ̀ wá dá ọjọ́ yìgì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sí níbi iṣẹ́ rárá. Kò yí i. Ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ó sáré lọ sílé lọ wẹ̀.

Nígbà tí irin dé Alafiarou, Souradjou gbé ìkarùn-ún sókè, kò dé orí òpó. Ó fi gbogbo ìbú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kúrú. Ó gbé e sílẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Ó yọ fóònù, ó wá orúkọ Mounifa, ó wo orúkọ náà títí, ó dá fóònù padà sápò.

Bó bá pè é, ọ̀gá á gbọ́. Bí ọ̀gá bá gbọ́, iṣẹ́ Mounifa ti lọ nìyẹn, iṣẹ́ tó fẹ́ràn ju ara rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Souradjou ṣe rò ó. Ó ní kí àwọn yòókù lọ jẹun. Ó wá àjákù irin irú kan náà, ó jó o mọ́ orí irin karùn-ún, ó fi fáìlì ra á títí ó fi dán, ó kùn ún lọ́dà. Ó mọ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ, pé irin tí a bá so báyẹn gbọ́dọ̀ ní pátákó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kó tó lè gbé ẹrù. Ṣùgbọ́n pátákó á hàn, ọ̀gá á sì béèrè ìdí. Nítorí náà, kò fi í sí i. Ìfẹ́ ló ṣe é, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Òjò àkọ́rọ̀ ló tú u fó. Ìjì dé lọ́sàn-án nígbà tí wọ́n ń kan páànù, ó gbá òrùlé mú, ó gbé e sókè, ó jù ú sílẹ̀. Souradjou ń lé àwọn èèyàn rẹ̀ jáde nígbà tí irin karùn-ún ṣẹ́ níbi ojú ìso, tó sì já lé e lápá ọ̀tún. Ó dákú kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn ní Parakou. Nígbà tó lajú, apá náà kò sí mọ́ láti òkè ìgúnpá.

Ẹ gbọ́ ohun tí ayé wí. Àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wo ojú ìso náà, wọ́n rí àjákù irin, wọ́n ní Souradjou ti ta irin gidi, ó wá fi èyí tó ṣẹ́kù tan àwọn jẹ. Olè irin! Ọ̀rọ̀ náà ti kan Kika kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ní bó bá ti jáde nílé ìwòsàn, àwọn ọlọ́pàá jàǹdáàmù ló ń lọ bá. Souradjou gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ibùsùn, kò sọ nǹkan kan.

Mounifatou lọ sí Alafiarou. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ohun tó gé apá olólùfẹ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi irin tó ṣẹ́, ó fi ẹsẹ̀ wọn àjákù náà: ìbú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ó délé, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó yí àká náà ká, ó yí i dé ẹ̀yìn. Irin mẹ́rin gùn dé orí òpó. Ìkarùn-ún dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Igbe tó ké ló mú Bàbá Abdou sáré wọlé.

Ní ilé ìwòsàn, Mounifatou jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ó wí pé, "Souradjou, irin yẹn kúrú."

Souradjou yí ojú sí ògiri. "Irin ò kúrú. Ẹni tó jó o ni kò mọṣẹ́."

"Má purọ́ fún mi. Mo ti rí i."

Souradjou kọjú padà sí i. "Ta lo ti sọ fún?"

"Bàbá mi nìkan."

"Kó dúró síbẹ̀. Apá ti lọ, Mounifa, kò ní hù mọ́. Jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ dúró, kó jẹ́ pé mo rí nǹkan kan fi apá náà rà."

"Olè ni wọ́n ń pè ọ́!"

"Kí wọ́n máa pè." Ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀ lórí aṣọ ìbora. "Wọ́n ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Kí ni mo máa fi wẹ èyí?"

Mounifatou gbé orí lé àyà rẹ̀, àwọn méjèèjì sì sunkún bí ọmọdé.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Bó bá dákẹ́, orúkọ Souradjou bàjẹ́, ẹ̀wọ̀n sì lè tẹ̀lé e. Bó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ lọ, ìyá tó ń pè é ní ìyàwó mi á sì mọ ẹni tó gé ọmọ òun lápá. Kò sùn, kò jẹun. Nígbà tó gbọ́ pé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ń ṣèpàdé lábẹ́ àká náà, ó fi ọ̀já pọn kọ̀ǹpútà, ó dá zẹ́mì dúró.

Ìyá Hawaou ló bá lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi kì í ṣe olè. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí mo bí kì í jalè!"

"Òótọ́ ni ìyá ń sọ," ni Mounifatou wí. Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí àpò kajú, ó yí àká náà kí gbogbo wọn lè rí i. "Ẹ wo ìkarùn-ún. Èmi ni mo gbàgbé láti fà á. Kúkurú ló dé ọ̀dọ̀ yín. Souradjou ò ta irin kankan, ó so ó pọ̀ kí wọ́n má baà lé mi níbi iṣẹ́."

Ọ̀gá Akíndélé náà wà ní ìpàdé náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó gbé e sí abíyá. "Máa lọ sílé, Mounifa," ló wí, kò tilẹ̀ pariwo.

Ìyá Hawaou dìde díẹ̀díẹ̀. "Ìwọ? Ìwọ tí mo ń pè ní ìyàwó mi?" Ó lu àyà. "Apá ọmọ mi! Apá ọmọ mi rèé, ìwọ lo jẹ ẹ́! Má dé ẹnu ọ̀nà mi mọ́ láéláé!"

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ gbà pé Souradjou kì í ṣe olè, ọ̀rọ̀ jàǹdáàmù sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mounifatou dé Parakou láti sọ fún un, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Mo fi apá mi ra nǹkan kan fún ọ," ló wí, "o gbé e, o dà á nù lójú ọjà."

"Orúkọ rẹ ni mo lọ gbà padà, Souradjou."

"Orúkọ ò lè di bóòtù." Ó di ojú. "Máa lọ. Jọ̀ọ́, máa lọ."

Ó lọ. Ọ̀pọ̀ oṣù òjò kọjá. Mounifatou ń tẹ ìwé fún àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin, ìwé ẹ̀bẹ̀, ìwé ìbí, ó ń bá oníbàárà rẹ́rìn-ín, ó ń délé sunkún. Jímọ̀ ń dé, Jímọ̀ ń lọ. Bàbá Abdou kì í jẹ wàrà mọ́, ó ní kò dùn mọ́.

Ìgbà tí iṣu tuntun jáde ni obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ ní zẹ́mì níwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Ìyá Hawaou ni. Ó ti rù. Mounifatou wó lulẹ̀ lórí eékún.

"Dìde," ni ìyá wí. "Mi ò wá dárí jì ọ́. Má retí ẹ̀ lọ́dọ̀ mi, mi ò ní in." Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Ọmọ mi kì í jẹun. Mo gún iyán tuntun, ó wò ó títí ó fi gan. Ó ń pe orúkọ rẹ lójú oorun. Kí ni kí n ṣe? Wá."

Abẹ́ igi òrí ni Mounifatou ti bá a ní Kika, ó jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, apá ẹ̀wù rẹ̀ òfìfo. Kò dìde. Kò lé e.

"Ìyá mi ló lọ pè ọ́," ló wí.

"Òun ni. Ì bá má pè mí, mo máa wá lọ́jọ́ kan."

"Àánú ló gbé ọ wá?"

"Àánú?" Inú bí Mounifatou gidi. "Èmi tí mi ò níṣẹ́, tí mi ò rí oorun sùn, ta ló ṣàánú mi? Ìwọ ni mo fẹ́, Souradjou. Mo fẹ́ ọ nígbà tí o ní apá méjì, mo ṣì fẹ́ ọ báyìí, inú sì ń bí mi sí ọ pé o ò pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn. Ò bá ti pè mí! Kí wọ́n lé mi, kí apá rẹ wà!"

Souradjou wò ó. Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀díẹ̀, omi sì dà lójú rẹ̀. "Ó yẹ kí n pè ọ́," ló wí. "Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń fẹ́ èèyàn nìyẹn, kéèyàn máa fi nǹkan pamọ́ fún un."

"Má tún fi nǹkan pamọ́ fún mi mọ́."

"Ebi ń pa mí," ni Souradjou wí. Mounifatou sì wọ ilé ìdáná lọ bu iyán.

Wọn kò ṣe ìnáwó rẹpẹtẹ. Àgbàlá Bàbá Abdou ni wọ́n tẹ́ ẹní sí láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Ìyá Hawaou wá, ó jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin, kò bá ìyàwó sọ ọ̀rọ̀ kan, kò dáhùn nígbà tí ìyẹn kí i. Ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun ń wá nítorí ọmọ òun nìkan ni.

Lèmọ́mù ka ohun tó yẹ kó kà. Bàbá fọwọ́ sí i, Souradjou fọwọ́ sí i. Ó wá ku sàdákì, ẹ̀bùn tí ọkọ máa fi lé ìyàwó lọ́wọ́. Kùránì kékeré kan tí wọ́n fi aṣọ funfun wé ni Souradjou mú wá.

"Fún un lọ́wọ́ rẹ̀," ni Lèmọ́mù wí.

Souradjou nawọ́. Ọwọ́ òsì ni. Ó rí i fúnra rẹ̀, ó dúró, Kùránì lọ́wọ́, kò lè nà án síwájú, kò lè dá a padà. Ẹ mọ̀ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa: a kì í fi òsì na iyọ̀ sí aládùúgbò, ká tó wá sọ ti ìwé Ọlọ́run, ká tó wá sọ ti sàdákì. Àwọn àgbà wo ẹní. Lèmọ́mù ya ẹnu láti sọ pé kò burú, ṣùgbọ́n Souradjou ti tẹrí ba.

Nígbà náà ni Ìyá Hawaou dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó la ẹní kọjá láìwo ẹnikẹ́ni, ó dúró sí apá ọ̀tún ọmọ rẹ̀, ó fara tì í níbi apá ẹ̀wù tó ṣófo. Ó gba Kùránì náà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó nà án sí Mounifatou.

"Gbà," ló wí. "Ọwọ́ ọ̀tún ọkọ rẹ nìyí."

Mounifatou kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ìyá Hawaou kò tètè tú ọwọ́ sílẹ̀. Ó dì í mú bẹ́ẹ̀, ó wo Mounifatou lójú, ó wá wí pé, "Ìyàwó mi."